Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: BÍ A ṢE LÈ PÀDÉ ÀWỌN TÓ Ń DU ILÉ ÌGBÌMỌ̀ AṢÒFIN ÌPÍNLẸ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó mú wa rìn láti ilẹ̀ bàbá wa dé ilẹ̀ tí a wà yìí, tó sì fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa níbẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.



Ní gbogbo ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ́ yìí máa ń dé bá wa. Bí ìdìbò bá ti ń súnmọ́, àwọn tó fẹ́ lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Sókótó á bẹ̀rẹ̀ sí í wá wa kiri. Wọ́n á wá sí ìsọ̀ wa lọ́jà, wọ́n á yọjú síbi ìsọmọlórúkọ wa, wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn olóyè ẹgbẹ́ pé àwọn fẹ́ rí àwọn Yorùbá. Bí wọ́n bá dé, kí ni ká bá wọn sọ? Ṣé ká kàn jókòó, ká gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn, ká gba àpò ìrẹsì, ká ṣe àdúrà fún wọn, kí wọ́n máa lọ? Àbí iṣẹ́ kan wà tí Ọlọ́hun àti òfin ìlú gbé lé wa lọ́wọ́ nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀?

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ilé mú nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ìpàdé pẹ̀lú ẹni tó ń du ipò jẹ́ ibi tí a ti ń wádìí ẹni tí a fẹ́ fi àmáánà lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ibi ìgbọrẹ ti ta ẹnu tó yẹ kó fi bèèrè.

ÌPÍN KÌÍNÍ: ṢÉ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KAN ÀLEJÒ?

Àwọn àgbà kan nínú wa máa ń sọ pé àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ onílé. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ó sì ní ibi tó ti wúlò. Bí àwọn onílé bá ń jà sí oyè, bí wọ́n bá ń pín ogún ìdílé wọn, kí la wá débẹ̀? Ẹ̀rù tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nígbà tí wọ́n fagi lé ìdìbò June 12 ní ọdún 1993, ọ̀pọ̀ ìdílé ní òkè Ọya ló kó ẹrù sínú mọ́tò tí wọ́n gba ọ̀nà ilé lọ, nítorí wọn kò mọ ohun tí ọ̀la máa bí. Àwọn mìíràn nínú wa sì jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gáánà. Ní November 18, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Èjìgbò àti Ìlọrin tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ láti ìgbà èwe wọn fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀, wọ́n padà wálé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn bàbá wa ní Gáánà. Kò sí ìbò wọn nínú àpótí ẹnikẹ́ni. Ní Sókótó, ọmọ Nàìjíríà ni wá. Òfin ńlá ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín 117, sọ pé ọmọ Nàìjíríà tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé ní Nàìjíríà lásìkò ìforúkọsílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kó lè dìbò. Òfin ìdìbò la ọ̀nà rẹ̀: ènìyàn lè forúkọ sílẹ̀ níbi tó ń gbé, tàbí níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí ní ìlú rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni kó mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, tó sì jẹ́ pé Sókótó ló ń gbé láti oṣù Ṣẹẹrẹ dé oṣù Ọ̀pẹ, ìbò rẹ̀ kò wúlò fún un níhìn-ín, kò sì sábà rí àyè lọ dì í nílé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àjọ INEC ní kùtùkùtù, kó bèèrè bí wọ́n ṣe ń gbé orúkọ láti ibì kan sí ibòmíràn. Kó má dúró di ìgbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìpín 106 nínú òfin ńlá náà sọ irú ẹni tó lè du Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀: kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kó ti pé ọdún 25 (ọdún 30 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù ní ọdún 2018), kó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà á kalẹ̀. Kò sí ibi tí ìpín náà ti sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Màláàmù Umaru Altine, ọmọ Fúlàní láti Sókótó níhìn-ín, ni wọ́n kọ́kọ́ yàn ṣe olórí ìlú Enugu, ní ilẹ̀ Ígbò, láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1960. Ní ọdún 2015, Jude Idimogu, ọmọ Ígbò, wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó láti ẹkùn Òṣòdì-Ìsọlọ̀. A kò sọ pé kí ẹgbẹ́ wa lọ fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé bí òfin bá gbà kí àlejò du ipò, kò lè kọ̀ kí àlejò bi ẹni tó ń du ipò léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá sì ń rò pé ìbò àwa díẹ̀ yìí kò tó nǹkan, kó rántí ìdìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ yìí ní March ọdún 2019. Lẹ́yìn àtúndì ìbò, 342 péré ni ìbò tí Aminu Tambuwal fi ju Ahmed Aliyu lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Àsàlátù méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ ju iye yẹn lọ. Ẹkùn ìdìbò aṣòfin kan sì kéré púpọ̀ sí gbogbo ìpínlẹ̀.

Àwọn ará ilé máa ń fi òwe ṣe wá yẹ̀yẹ́ pé ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ó dára. A ti dé Sókótó. Káàdì ìdìbò ni kí a wò bóyá ó wà nínú àpò náà.

ÌPÍN KEJÌ: KÍ NI IṢẸ́ ẸNI TÓ Ń DU IPÒ YÌÍ?

Ọ̀pọ̀ wa ló ń bi aṣòfin ní ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òun náà á gbà, torí pé ó ń wá ìbò. Nígbà tí kò bá ṣe é, a ó ní òpùrọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó dé.

Àwọn 30 ló ń jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Sókótó. Iṣẹ́ wọn pín sí mẹ́ta.

Èkíní, wọ́n ń ṣe òfin fún ìpínlẹ̀. Ẹ má fojú kéré ilé yìí. Òfin Sharia tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ní ọdún 2000, láyé gómìnà Attahiru Bafarawa, ibẹ̀ ló ti kọjá. Owó ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ onílé, òfin ńlá sọ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ló ń la ìlànà rẹ̀. Àmójútó ọjà, ibùdókọ̀, ṣọ́ọ̀bù àti búkà wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń rìn, ilé yìí ló ń ṣe é.

Èkejì, wọ́n ń wo ètò ìṣúná. Gómìnà kò lè ná owó ìpínlẹ̀ lọ́dún kan àyàfi bí ó bá gbé ìwé ìnáwó náà wá síwájú wọn, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí kànga fún àdúgbò yín nínú ìwé náà, bí aṣòfin ṣe ń ṣèlérí tó, kò ní sí kànga.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní agbára láti wádìí bí wọ́n ṣe ná owó, kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ ìjọba wá ṣàlàyé, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀sùn lọ́wọ́ ará ìlú.

Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ náà wà. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kò lè dá ọ̀rọ̀ iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà tún ṣe. Òun nìkan kò sì lè yí ohun tí òfin ńlá sọ padà nípa ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọ ìpínlẹ̀, nítorí òfin ńlá náà so ó mọ́ òbí àti òbí àgbà tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé ọ̀la lòun máa sọ yín di ọmọ onílẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn.

ÌPÍN KẸTA: OHUN TÍ Ẹ̀SÌN FI KỌ́ WA

Nínú Suratu Nisa, ní ọ̀rọ̀ kejìdínlọ́gọ́ta, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ kí a dá àmáánà padà fún àwọn tó ni ín, kí a sì ṣe ìdájọ́ pẹ̀lú òdodo. Àwọn onímọ̀ ka ipò àṣẹ mọ́ àmáánà yìí. Nígbà tí Abu Dharri bèèrè fún ipò lọ́wọ́ Ànọ́bì, Ànọ́bì dá a lóhùn pé àmáánà ni, àti pé yóò di àbùkù àti àbámọ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀ fún ẹni tí kò bá ṣe é bí ó ti yẹ. Bí ipò bá jẹ́ àmáánà, ìbò tí a fi ń gbé ènìyàn dé ibẹ̀ náà kì í ṣe ohun ìṣeré.

Irú ènìyàn wo ni ká wá? Alùkùránì fi òṣùwọ̀n lé wa lọ́wọ́. Nínú Suratul Qasas, ọmọbìnrin kan sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó gba Ànọ́bì Musa síṣẹ́, ìdí méjì ló sì mẹ́nu bà: pé ó lágbára, pé ó ṣeé fọkàn tán. Nínú Suratu Yusuf, nígbà tí Ànọ́bì Yusuf ní kí ọba fi òun ṣe olórí ilé ìṣúra, ohun méjì ló sọ nípa ara rẹ̀: pé òun mọ nǹkan ṣọ́, pé òun sì ní ìmọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé méjì ni lójú méjèèjì. Ènìyàn lè jẹ́ olóòótọ́ kó má mọ iṣẹ́, yóò jókòó sí ilé ìgbìmọ̀ fún ọdún mẹ́rin láìlanu. Ènìyàn sì lè mọ iṣẹ́ kó jẹ́ olè. Fún ìdí èyí, kí gbogbo ìbéèrè wa wá ojú méjèèjì: ṣé ó lè ṣe é? Ṣé ó ṣeé fọkàn tán?

Suratul Hujurat kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ méjì mìíràn. Ọ̀kan ni pé bí ẹni tí kò ṣeé gbára lé bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ kí a tó ṣe ohun tí a máa kábàámọ̀. Àsìkò ìdìbò ni àsìkò irú ìròyìn bẹ́ẹ̀: wọ́n á ní lágbájá kórìíra Yorùbá, wọ́n á ní tàmẹ̀dù ló ni kí wọ́n lé wa kúrò lọ́jà. Ẹ pe ẹni náà, kí ẹ bi í lójú ara yín. Èkejì ni pé Ọlọ́hun dá wa ní ẹ̀yà-ẹ̀yà kí a lè mọ ara wa. Ìpàdé yìí wà lára ọ̀nà tí a fi ń mọ ara wa.

ÌPÍN KẸRIN: OWÓ ÀTI ÌRẸSÌ

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti ṣòro, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọjà kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá tó ní ọmọ márùn-ún nílé, bí wọ́n bá gbé ìrẹsì àti àǹkárá wá, ó ṣòro kó kọ̀ ọ́. Wọ́n á ní ẹ̀bùn ni, wọ́n á ní sàráà ni.

Hádíìsì kan wà tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abu Hurairah, nípa àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun kò ní bá sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ọ̀kan ni ẹni tó ní omi lójú ọ̀nà aṣálẹ̀ tó fi du arìnrìn-àjò. Ọ̀kan ni ẹni tó búra èké lẹ́yìn ìrun Alásàrí kí ọjà rẹ̀ lè tà. Ẹnì kẹta ni ẹni tó bá olórí ṣe àdéhùn nítorí ohun ayé nìkan: bí olórí bá fún un, á dúró tì í, bí kò bá fún un, á kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, a máa ń bẹ̀rù búra-èké lórí ọjà. Ẹ wo ẹni tó jókòó tì í nínú hádíìsì kan náà.

Ànọ́bì tún ṣépè fún ẹni tó fúnni ní rìbá àti ẹni tó gbà á. Òfin ìlú náà kò sì mú ẹnì kan kó fi ìkejì sílẹ̀: lábẹ́ òfin ìdìbò, ẹni tó fi owó ra ìbò àti ẹni tó gba owó náà lè san owó ìtanràn tàbí kí wọ́n ṣe ẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì pọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ fi ojú oníṣòwò wò ó. Oníbàárà tó bá ti san owó ọjà tán kò jẹ yín ní gbèsè mọ́. Bí ẹ bá lọ bá aṣòfin ní ọdún kejì pé omi ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, yóò sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ti san owó àwọn wọ̀nyí. Àpò ìrẹsì kan kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ọdún mẹ́rin ni ipò. Àwọn àgbà ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Kí ẹgbẹ́ wa sọ fún gbogbo wọn ṣáájú pé omi mímu nìkan la ó gbé kalẹ̀, àwa náà la ó sì rà á.

ÌPÍN KARÙN-ÚN: BÍ ÌPÀDÉ NÁÀ YÓÒ ṢE LỌ

1. Kí ó má wáyé nínú mọ́ṣáláṣí. Òfin ìdìbò ti ọdún 2010 kọ̀ ọ́, ti ọdún 2022 náà kọ̀ ọ́, pé kí wọ́n fi ilé ìjọsìn ṣe ibi ìpolongo ìbò. Kí a lo gbọ̀ngàn tàbí àgbàlá ilé ẹnì kan nínú wa. Kí ààfáà wa náà má fi orí mínbárì kéde ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

2. Kí a pe gbogbo àwọn tó ń du ipò ní ẹkùn náà, láti ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, kí a sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan la pè, a ti yan ẹni tiwa nìyẹn, àwọn yòókù á sì mú wa ní ọ̀tá. Ẹgbẹ́ wa kò ní kéde fún ẹnikẹ́ni. Oníkálukú ni yóò fi ọkàn rẹ̀ dìbò.

3. Kí a mọ ẹkùn wa. Aṣòfin tó wà fún Sókótó North kọ́ ni ti Sókótó South. Ará Mabera àti ará Arkilla lè má ní aṣòfin kan náà.

4. Kí a yan ẹni tó gbọ́ Hausa dénú láti máa túmọ̀, nítorí àwọn bàbá àti ìyá wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Kí àwọn ìyá ní ibi ìjókòó tiwọn, kí ìbéèrè tiwọn sì wà nínú ìwé. Àwọn ló mọ iye tí omi garawa kan ń jẹ́.

5. Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó kà á sí etí ẹni tó sọ ọ́ kó tó dìde. Bí ó bá dáhùn pé “In shā Allāhu” nìkan, kí a fi ọ̀wọ̀ bi í pé báwo ni, àti nígbà wo. Ọlọ́hun kọ́ wa nínú Suratul Kahf kí a máa fi ìfẹ́ Rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọ̀la. Kò ní kí a fi ṣe ibi ìsápamọ́ fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe nǹkan.

Àwọn ìbéèrè tí a lè bi wọ́n nìyí:

Ẹni tó wà lórí àga tẹ́lẹ̀: Òfin ní kí ilé yín jókòó fún ọjọ́ 181 ó kéré tán lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ wà níbẹ̀? Òfin wo lẹ gbé wá? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: Ohun wo ni wọ́n ti fi ṣọ́ yín rí, báwo lẹ sì ṣe fi í sílẹ̀?

Lórí ọjà: Iná jó ọjà ńlá Sókótó ní January ọdún 2021, ọjà àti owó ọ̀pọ̀ ènìyàn, onílé àti àlejò, sì jóná. Kí lẹ máa fi sínú ètò ìṣúná kí omi àti ọkọ̀ panápaná lè wà nítòsí ọjà?

Lórí ọmọ wa: Èyí ló wúwo jù. Ọmọ tí a bí sí Sókótó, tí Hausa rẹ̀ já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ, bí ó bá ń wá ilé-ẹ̀kọ́ gíga tàbí ìrànwọ́ owó, wọ́n á ní kó lọ mú ìwé ìjọba ìbílẹ̀ bàbá rẹ̀ wá. Bí ó bá dé ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ibo ni kó lọ? Kí a bi wọ́n pé: fún ọmọ tó ka alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama rẹ̀ níhìn-ín, tí òbí rẹ̀ sì ń san owó orí níhìn-ín, ṣé ẹ ó gbé òfin wá kí owó rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ bá ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba?

Ṣùgbọ́n kí a bèèrè pẹ̀lú òdodo. Nínú ìwé tí àjọ Human Rights Watch gbé jáde ní ọdún 2006 lórí ọ̀rọ̀ yìí, jákèjádò Nàìjíríà ni wọ́n ti rí i. Ọmọ Hausa tí a bí sí Sábó ní Ìbàdàn ní irú ẹjọ́ tiwa láti rò. Suratu Nisa pàṣẹ kí a jẹ́ ẹlẹ́rìí òdodo, bó tilẹ̀ jẹ́ lórí ara wa. Ohun tí a ń tọrọ níhìn-ín, nígbà tí a bá délé fún Iléyá, kí a bá àwọn aṣòfin ìlú wa sọ ọ́ nítorí àwọn náà.

LẸ́YÌN ÌDÌBÒ

Ìpàdé kì í parí ní ọjọ́ ìdìbò. Kí akọ̀wé fi ìwé ìdáhùn náà pamọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí àwọn olóyè mú un lọ bá ẹni tó wọlé, yálà òun ni a dìbò fún tàbí òun kọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ kí i kú oríire, kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i létí. Bí ó bá ṣe dáadáa, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Bí kò bá ṣe é, ọdún mẹ́rin kò jìnnà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍLÉ ÀTI NÍ ÀSÀLÁTÙ

1. Níbo ni orúkọ olúkúlùkù yín wà fún ìdìbò? Ṣé ibẹ̀ lẹ ń gbé?
2. Ohun méjì wo ni Suratul Qasas ní ká wá lára ẹni tí a fẹ́ gbà síṣẹ́?
3. Kí ni aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe nípa owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, kí ni kò sì lè dá ṣe?
4. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì wá sílé yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò, kí lẹ máa sọ?

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí ìlú Sókótó àti gbogbo ará ibẹ̀, onílé àti àlejò. Kí Ó fi ẹni tó lágbára tó sì ṣeé fọkàn tán ṣe olórí wa, kí Ó má jẹ́ kí a ta àmáánà wa ní ọ̀pọ̀. Àmín.